Owó Tí A Rán Níṣẹ́

Ta ló ni owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé? Ṣé ẹni tó fi í ránṣẹ́ ni, àbí ẹni tó gbà á? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má tètè dáhùn. Ìbéèrè yìí máa ń dà bí ẹni pé kò le, àfi ìgbà tí owó bá dé, tí ẹnì kan ná an síbi tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ ò fọkàn sí, tí ọmọ ìyá méjì wá di ẹni tí kì í kí ara wọn mọ́. Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló kù tí wọ́n ń bára wọn sọ: owó tó dé, àti owó tí kò dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó. Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí bílíọ̀nù 20 dọ́là ló wọ Nàìjíríà lọ́dún 2022 láti ọwọ́ àwọn èèyàn wa tó wà lẹ́yìn odi. Ti ọdún 2023 náà ò jìnnà sí i. Èyí tí wọ́n rí kà nìyẹn o. Èyí tí wọ́n fi lé ẹni tó ń bọ̀ wálé lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi rán awakọ̀, èyí tí ọ̀rẹ́ san ní náírà níbí kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó san án padà ní pọ́n-ùn lọ́hùn-ún, kò sí nínú ìṣirò yẹn. Owó yìí ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ló ń san owó ilé, òun náà ló ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ka ìwé yìí. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa pàápàá, àwọn kan ti bù ú jẹ lójú ọ̀nà. Lọ́dún 2023, ẹni tó bá fi 200 dọ́là ránṣẹ́ sí apá ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí máa ń san nǹkan bíi dọ́là 8 lórí 100 kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ àfojúsùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni pé kó má tó 3 nígbà tó bá fi máa di ọdún 2030.

Àwọn kan rò pé jápa ló bí gbogbo èyí. Rárá o. Àwọn bàbá wa láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Gánà kí orílẹ̀-èdè méjèèjì tó gba òmìnira. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ níbẹ̀ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àìmọye Yorùbá ló di ẹrù padà wálé. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ ṣú yẹn, ẹni tó ti ń fi owó ránṣẹ́ kọ́ yàrá méjì sílé ló rí ibi fi orí pamọ́ sí. Ní Èjìgbò títí dòní, apá Abidjan ni ọ̀pọ̀ ẹbí kọjú sí. Ọkọ̀ ń ti ìlú náà gbéra lọ sí Côte d'Ivoire, ẹ máa gbọ́ Faransé lẹ́nu ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé, owó sẹ́fà ò sì ṣàjèjì sí wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé àánú lásán ni owó yìí. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé ń tún ibi tí òun fúnra rẹ̀ máa padà sí ṣe. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò ò dùn kí onílé má relé.

Wàyí o, kí ni owó náà jẹ́? Àwọn kan ní ẹ̀bùn ni. Àwọn kan ní gbèsè ni. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni, a jẹ́ pé ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fi tọrẹ. Kò gbọdọ̀ tún béèrè mọ́. Bí mo bá fún ẹ ní aṣọ, tó o fi dá ṣòkòtò tàbí o fi ran bùbá, kí ló kàn mí? Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ máa ń béèrè. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé ọwọ́ tó ń fúnni ló máa ń wà lókè. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nítorí náà ẹni tó gba ẹ̀bùn lóṣooṣù, oṣooṣù ló gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, ẹnu rẹ̀ á wúwo. Kò ní lè sọ pé "Rárá" mọ́. Ọmọ tí wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní lè sọ irú ẹ̀kọ́ tó wù ú, ìyá tí wọ́n ń fún lówó oúnjẹ kò ní lè bá ọmọ rẹ̀ wí bó bá ṣìwà hù. Ẹ̀bùn wá di okùn.

Tó bá wá jẹ́ gbèsè ni ńkọ́? Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ta ló ra tíkẹ́ẹ̀tì? Ilẹ̀ ta ni wọ́n tà? Ìyá wo ló lọ yá owó ní alájẹṣẹ́kù, tó fi ọdún méjì san án? Àwọn tó wà nílé ló kó owó jọ kí ẹnì kan lè lọ, kí òun náà lè wá fa àwọn yòókù lọ́wọ́. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo gba ti òwe yẹn. Ṣùgbọ́n gbèsè a máa ní iye. Ẹni tó yá ₦50,000 mọ ọjọ́ tó máa san án tán. Èyí tí à ń sọ yìí, ta ló ti sọ iye rẹ̀ rí? Ẹ rántí ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́, ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà á máa ṣiṣẹ́ lóko olówó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo iṣẹ́ yẹn ò dín kọ́bọ̀ kù nínú owó tí wọ́n yá. Èlé lásán ni. Bó ṣe ogún ọdún, tí ojú owó bá wà nílẹ̀ síbẹ̀, ìwọ̀fà ni. Mo bẹ̀ yín, ọmọ tó wà ní ìlú òkèèrè, tó ti fi owó ránṣẹ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n ṣì ń sọ fún un pé "Ṣé o ti gbàgbé pé àwa la rán ẹ lọ?", kí ló fi yàtọ̀ sí ìwọ̀fà? A ò lè pe ọmọ ní ọmọ ká máa lò ó bí ìwọ̀fà.

Bí ẹ̀bùn ò bá ṣe é, tí gbèsè náà ò ṣe é, mo ní ẹ jẹ́ ká bi èdè wa léèrè. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ owó yìí, a máa ń ní, "Ó fi owó ránṣẹ́." Rán iṣẹ́ ló di ránṣẹ́. Owó náà, iṣẹ́ kan ló ń jẹ́ bọ̀. Ẹni tó bá sì gbà á lọ́hùn-ún, òun náà ti di ẹni tí a rán níṣẹ́. Kí ni a ń retí lọ́wọ́ ẹni tí a rán níṣẹ́? Nǹkan méjì ni. Àkọ́kọ́, kó lo orí rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìyẹn ni pé ẹni tó wà níbẹ̀, tó fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan, láṣẹ láti yí i padà tí ọgbọ́n bá ní kó yí i. Èkejì, kó padà wá jábọ̀. Ẹni tó jíṣẹ́ tí kò jábọ̀, iṣẹ́ náà ò tíì tán lọ́rùn rẹ̀.

Nítorí náà, èrò tèmi rèé: ẹni tó gba owó ò jẹ ẹni tó fi í ránṣẹ́ ní ìgbọràn. Òótọ́ ló jẹ ẹ́. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ náà sì jẹ ará ilé ní òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ méjì dán èyí wò. Ìtàn kìíní, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ nínú wa. Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn odi, ó ń fi owó sìmẹ́ǹtì, owó búlọ́ọ̀kù àti owó páànù ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Àbúrò ń fi fọ́tò ilé ránṣẹ́ sí i. Ó dé lọ́dún kẹfà, ó ní kí wọ́n mú òun lọ wo ilé òun. Ilé onílé ni wọ́n ń yà ní fọ́tò! Èyí ò nílò àríyànjiyàn. Olè ni, ká pè é bẹ́ẹ̀ ló tọ́.

Ìtàn kejì ló le. Àbúrò mìíràn gba owó ilé, ó sì ń kọ́lé lóòótọ́. Lọ́jọ́ kan, ìyá wọn ṣubú nílé. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, kí wọ́n lọ mú owó wá. Àbúrò mú owó páànù, ó fi san owó iṣẹ́ abẹ. Ìyá gbádùn. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òjò ló dá iṣẹ́ dúró. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ní káfíńtà ló ń ṣàìsàn. Nígbà tí àṣírí tú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ìyá wa ni mo fi wò. Kí ni mo jí?"

Kí ni ó jí? Mo ti bi àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì-mẹ́ta léèrè ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, gbogbo wọn ló ní kò jí nǹkan kan. Èmi ò gbà. Kì í ṣe owó ló jí, mo fara mọ́ ọn. Ibi tó ná an sí dáa, ó ju páànù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹ̀gbọ́n yẹn ló san owó iṣẹ́ abẹ ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni kò mọ̀. Nígbà tí ìyá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò gbàdúrà fún un, kò pè é lórí fóònù, kò gbọ́ kí ìyá rẹ̀ pe oríkì rẹ̀ lọ́jọ́ tó jáde nílé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ òjò àti káfíńtà ló ń bá kiri. Oore tó ṣe fún ìyá rẹ̀, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí àbúrò jí nìyẹn, kò sì sí bó ṣe lè san án padà.

Kí ló dé tí kò fi sọ? Bóyá ẹ̀rù ló bà á pé ẹ̀gbọ́n á ní kò sóhun tó jọ ọ́. Bóyá ẹ̀gbọ́n yẹn ti máa ń jágbe mọ́ ọn lórí fóònù tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé ó ní kó kọ iye ìṣó sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a kò fún láyè láti lo orí rẹ̀, irọ́ ni yóò máa fi wá àyè. Nítorí náà mi ò dá ẹ̀gbọ́n láre tán.

Ó kan àwọn tó wà lókè òkun wàyí. Wọ́n ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru méjì pọ̀, tó ń sùn ní yàrá tí èèyàn mẹ́ta jọ gbà, fọ́tò tó máa fi ránṣẹ́ sílé, ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ẹlòmíràn ló ti yà á, nínú jákẹ́ẹ̀tì tó dáa jù nínú àpótí rẹ̀. Ará ilé wo fọ́tò, wọ́n ní Ọlọ́run ti ṣe é. Wọ́n wá béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí Ọlọ́run ti ṣe é fún. Òun náà lọ yá owó kó lè fi í ránṣẹ́, torí ojú fọ́tò. Ta ló fẹ̀tàn jẹ ta? Bí ará ilé bá béèrè púpọ̀, irọ́ tí wọ́n rí ni wọ́n gbà gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náírà tún wá dá kún un. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà fún ọjà, 100 dọ́là ò ju nǹkan bí ₦47,000 lọ ní iye tí báńkì ń pè é. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti lé ní ₦140,000. Ará ilé rí i pé owó ń pọ̀ sí i, wọ́n rò pé nǹkan ń dáa fún ọmọ àwọn lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ 100 kan náà ni. Kò sí ẹni tó fi kún owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún náà rí i pé 100 òun ti di òkìtì náírà, ó ní kí ló dé tí wọ́n ṣì ń sunkún. Kò mọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò ìrẹsì. Àwọn méjèèjì ń wo owó kan náà, kò sí ẹni tó ń rí ẹnì kejì rẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí a kì í kà. Lọ́dún 2022, ìlú Ọba ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó máa ń tọ́jú arúgbó, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló sì gba ibẹ̀ wọlé. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba irú físà yẹn ò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ti òkèèrè wá. Ẹ ro ó wò: obìnrin kan ń wẹ̀ fún ìyá oníyàá ní Manchester, ó ń fi owó ibẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n lè rí ẹni wẹ̀ fún ìyá tiẹ̀ ní Ọ̀ṣun. Owó lè gba ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jí lóru nígbà tí ìyá bá wúkọ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ni. Ẹni tó máa tò sórí ìlà nílé ìwòsàn láti aago márùn-ún ìdájí, òun náà ni. Tí ìdílé bá wá jókòó, wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n ló ń gbọ́ bùkátà ìyá. Ta ló ń ka ọjọ́ ti àbúrò?

Àwọn baba wa tó ń ṣe àáró mọ̀ jù wá lọ lórí èyí. Nínú àáró, kì í ṣe owó ni èèyàn ń mú wá, ọjọ́ ni. O wá bá mi kọ ebè lónìí, mo wá bá ọ kọ tìẹ lọ́tùn-únla. Ẹni tó wà lókè òkun ń mú owó wá, ẹni tó wà nílé ń mú ọjọ́ wá. Tí a bá ń ka ti ẹnì kan, tí a ò ka ti ẹnì kejì, ìṣirò wa ò pé. Òun gan-an náà ò sì ní jẹ́ kí òótọ́ ráyè, torí ẹni tí wọn ò ka ọjọ́ rẹ̀ sí lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ owó tiẹ̀ nínú owó oògùn.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Akéwì, òtítọ́ korò o. Ṣé kí n máa pe ìyá mi tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí n máa sọ fún un pé ebi ń pa mí ní London?" Rárá o. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí lẹnu ń sọ. Dídákẹ́ fún ìyá, kó má bàa ro ara rẹ̀ pa, ìwà ọmọ ni. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ yàtọ̀ sí yíya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò onímọ́tò. Kì í sì í ṣe ìyá nìkan ló wà nílé. Ó gbọ́dọ̀ kù, ó kéré tán, ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé tó mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́hùn-ún gan-an, tó lè sọ fún àwọn yòókù pé, "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lóṣù yìí." Ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan nílé tí kò ní bẹ̀rù láti pè é pé, "Owó páànù ti lọ sí iṣẹ́ abẹ o."

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí èmi fúnra mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan ló máa ń bi mí pé, "Kí lo tún fẹ́ fi Yorùbá ṣe gan-an?" Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n sọ fún un pé mo ti yí i sí ẹ̀kọ́ òfin, pé báwo ló ṣe máa mọ̀? Tó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni owó yẹn, ǹ bá ti yí ẹ̀kọ́ mi padà kí n fi dúpẹ́. Tó bá jẹ́ tèmi pátápátá ni, ǹ bá ní kó má béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni. Nítorí náà mo jábọ̀ fún un: "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò tíì mọ iṣẹ́ tí màá rí o. Èyí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Máàkì mi ní sáà tó kọjá rèé." Mo kà á fún un, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa. Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní òun ti gbọ́. Ó san owó náà, ó sì sọ fún mi, fún ìgbà àkọ́kọ́, pé iṣẹ́ tí òun ń ṣe níbẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ tí òun ti ń sọ fún wa.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa lọ. A kì í sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n a ti ń wá ìwé. Àwọn kan á kù sílé, àwọn ló máa gba owó. Kí ẹni tó ń lọ tó lọ, kí ẹ jókòó nílé, kí ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ẹni tó máa mú owó wá, ẹ sọ ẹni tó máa mú ọjọ́ wá. Ẹ sọ ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan ò bá rọgbọ. Ẹ fún ẹni tó bá gba owó láyè kó lo orí rẹ̀, kó sì máa jábọ̀. Nígbà tí owó bá sì wọlé, kí a tó béèrè èyí tó kù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ẹni tó fi í ránṣẹ́ bóyá ó rí oorun sùn.